Ta Ló Jí Orin Màmá?

Olè tó wọ ọ́fíìsì ìpamọ́ àṣà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti lọ sílé, ṣe ohun tí olè kì í ṣe. Ó rí kọ̀ǹpútà tuntun méjì lórí tábìlì, ó fojú fò wọ́n. Ó rí káàmẹ́rà, kò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan ṣoṣo, tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, ló yọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún mi, irú olè wo nìyẹn?

Ìnsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n rán wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹ-tún-un-sọ ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá. Kò sí ohun tí èèyàn máa sọ fún un tí kò ní ní kó tún un sọ. Ó ní irọ́ kì í rìn lẹ́ẹ̀mejì kí ó má tiro. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ọgbọ́n yìí jẹun, ó sì ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì.

Obìnrin kan ló kọ́kọ́ bá lórí àtẹ̀gùn, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ níbẹ̀. Àbíkẹ́yìn ni, ọmọ tí màmá tó kọrin inú ẹ̀rọ náà bí gbẹ̀yìn.

"Ẹ ṣàánú mi, ọ̀gá. Ọjọ́ mọ́kànlélógún nìyí tí màmá mi ti wà ní mọ́ṣúárì. Ọ̀túnla la fẹ́ gbé wọn lọ sílé lọ sin."

"Kí ló pa ìsìnkú àti ẹ̀rọ pọ̀?"

Ó ṣàlàyé. Ìlú wọn jìn, ọkọ̀ ojú omi ọjọ́ méjì ni, lẹ́yìn náà ìrìn ẹsẹ̀. Wọn ò ju igba èèyàn lọ mọ́. Orin kan wà tí wọ́n fi ń sin òkú wọn, tó ń ka orúkọ gbogbo ẹni tó ti lọ lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹni tó ń lọ lè mọ ilé tó máa yà sí. Láìsí i, wọn kì í bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Màmá nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Ogójì ọdún ló fi kọ ọ́ fún gbogbo ayé.

"Ìgbà tó wá kan àwọn fúnra wọn," Àbíkẹ́yìn ní, "ẹ̀rọ yẹn nìkan ló lè kọ ọ́ fún wọn."

"Ẹ̀yin ò wá mọ̀ ọ́n?"

Obìnrin náà ń wo ilẹ̀. "Wọ́n pè mí títí kí n wá kọ́ ọ. Mo ní, Màmá, ẹ̀rọ ti gbà á, kí ni mo tún fẹ́ fi da ara mi láàmú sí?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Màá bá yín rí i," ni Ẹ-tún-un-sọ wí. Ọlọ́pàá kì í ṣèlérí, ó mọ̀. Àánú obìnrin náà ló ṣe é tí ẹnu rẹ̀ fi ṣáájú orí.

Ìyá Sítọ́ọ̀, tó ń tọ́jú irinṣẹ́ nísàlẹ̀, kò jẹ́ kó jókòó tán.

"Olùwádìí tó lọ gba orin Màmá ló ní èmi náà ní kọ́kọ́rọ́, àbí? Mo ní in! Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni o!"

"Kò sẹ́ni tó dájọ́, Ìyá. Kí lẹ fún un nígbà tó ń lọ gba orin?"

"Ẹ̀rọ kan, káàdì kan tí ohùn ń wọ̀ sí, àti bátìrì. Háà, bátìrì! Ó ń jẹ bátìrì bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ewé. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi wá gbà á fún òun."

"Ẹ tún un sọ."

"Mo ní bátìrì..."

"Ti káàdì ni mò ń wí."

"Káàdì kan. Mo tiẹ̀ ránṣẹ́ bi í pé ṣé ó tó. Ó ní kò tíì kún. Mẹ́sàn-án tó kù rèé nínú dúrọ́ọ̀, ọ̀rá wọn ò tíì já."

"Wákàtí mélòó ni ọ̀kan ń gbà?"

"Ogún. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára." Ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀gá, bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ wo inú ilé yìí dáadáa."

Olùwádìí wà nínú yàrá tí wọ́n ti jalè. Ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ojú rẹ̀ ti wú. Ẹkún ojú rẹ̀ kì í ṣe ẹkún ayédèrú. Ẹ-tún-un-sọ mọ ìyẹn dájú, ó sì dà á láàmú.

"Ọ̀gbẹ́ni, ọjọ́ mélòó lẹ fi gbà á?"

"Ọgọ́ta ọjọ́, wákàtí méjì lójúmọ́. Orin náà gùn."

"Ẹ ti gbọ́ ọ rí nínú ẹ̀rọ?"

"Màmá ò gbà. Wọ́n ní wọn kì í gbọ́ ọ níbi tí òkú ò bá sí."

"Báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe rí, tá a bá fẹ́ dá a mọ̀?"

"Dúdú ni. Pílásítà kékeré wà lára rẹ̀. Màmá ní iná kankan kò gbọdọ̀ tàn níbi orin yẹn. A ó ti fèrèsé, a ó pa àtùpà. Iná pupa kan báyìí wà lára ẹ̀rọ, wọ́n ní kí n pa òun náà, mo bá fi pílásítà bò ó."

"Ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Kò yàtọ̀ rárá, kò sí ìtiro níbẹ̀. Ẹ-tún-un-sọ jáde lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ ò sì dùn sí ibi tí ìṣirò náà ń lọ.

Nígbà tó dọ̀sán, ó pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ.

"Olè tó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ò wá nǹkan tó máa tà," ó ní. "Ẹ̀rọ yìí nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Ọgọ́ta ọjọ́, wákàtí méjì lójúmọ́, ọgọ́fà wákàtí nìyẹn. Káàdì kan ń gba ogún. Ó yẹ kó lo mẹ́fà. Ẹyọ kan ló mú, kò sì kún títí tí wọ́n fi parí. Nítorí kí ni? Nítorí pé kò sí nǹkan tó ń wọ inú rẹ̀. Ẹni tó jí i ò jí orin. Òfìfo ló ń fi pamọ́." Ó kọjú sí Olùwádìí. "Gbé báàgì rẹ sórí tábìlì."

Ọkùnrin náà kò jiyàn. Inú ìbọ̀sẹ̀ ló ti yọ ẹ̀rọ náà, pílásítà ṣì wà lára rẹ̀, ó ti dọ̀tí.

"Fi bó o ṣe ń ṣe é hàn mí."

Olùwádìí tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ-tún-un-sọ ṣí pílásítà náà. Iná pupa ń ṣẹ́jú, pàkà, pàkà.

Ìyá Sítọ́ọ̀ káwọ́ lórí. "Yéè! Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́! Tó bá ń ṣẹ́jú, ó ń dúró dè ọ́ ni. Tó bá dúró ṣinṣin ló tó ń gbà. Abájọ tó fi ń jẹ bátìrì, ó lajú sílẹ̀ lásán!"

"Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rí i tó ń ṣẹ́jú, mo tún un tẹ̀," ni Olùwádìí wí. "Mo rò pé ọwọ́ mi ni kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo pa á kí n lè fi pílásítà bò ó. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ń tẹ̀ ẹ́, mi ò sì rí iná náà mọ́. Ọjọ́ tí Màmá kú ni mo tó tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́. Àbíkẹ́yìn ń pè mí lójoojúmọ́ pé kí n gbé e bọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní tó bá jẹ́ pé olè ló gbé e, olè ni wọ́n máa bínú sí."

"O ò ṣe wá jù ú sódò?"

"Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn arúgbó kan jáde, ó gbẹ, ó dún kedere.

"Ṣé ó ti ń gbọ́ mi?"

"Ó ń gbọ́ yín, Màmá. Ẹ sọ nǹkan."

"Kí n sọ kí ni? Pa iná yẹn ná, ọmọ mi."

Ó tán síbẹ̀.

Àbíkẹ́yìn gba ẹ̀rọ náà, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ-tún-un-sọ fẹ́ tù ú nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Omi ló dànù..." Ó rántí pé agbè náà wà ní mọ́ṣúárì, ó pa ẹnu dé. Ó ti mú ọ̀daràn, ẹjọ́ ti tán, kò sì sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè fún obìnrin yìí.

"Ẹ ní ẹ máa bá mi rí i," Àbíkẹ́yìn ní.

"Mo ní bẹ́ẹ̀."

"Látàárọ̀ lẹ ti ń ní kí gbogbo èèyàn tún un sọ." Ó na ẹ̀rọ náà sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi sọ fún Màmá kí wọ́n tún un sọ."