Ìgbànú Tí Ó Ń Gbóná Lára Oyèbánjí

Ọkùnrin kan ń gbé ní Upney, ní agbègbè Barking, tí kì í jókòó kí ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Oyèbánjí ni orúkọ rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, yóò dúró kí obìnrin náà kọ́kọ́ bu tirẹ̀ jẹ. Bí ó bá gbé omi fún un, yóò ní kí ó tọ́ ọ wò. Ọgbọ́n ni ó ń pe èyí.

Ẹni tí ó kàwé ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí àwọn òbí ń yọ fìlà fún un lójú pópó. Ṣùgbọ́n Moṣọpẹ́, ìyàwó rẹ̀, ni ó rí ìwé àṣẹ gbà láti wá tọ́jú àwọn arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ ìwé àṣẹ rẹ̀ sì ni ọkọ àti Wúrà, ọmọ wọn obìnrin, gbà wọlé. Tíṣà di ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà àga. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìbànújẹ́ tí a kò bá sì sọ jáde a máa rọra sọ ara rẹ̀ di ìfura.

Láti tu ara rẹ̀ nínú, ó ń kọ ìwé kan nípa Montrose, ìjòyè ńlá ilẹ̀ Skọ́tlándì tí ó jẹ́ ọ̀gágun nínú ogun abẹ́lé tí ó jà níbẹ̀ ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn ó dín díẹ̀. Ọkùnrin yìí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ Májẹ̀mú tí àwọn ará Skọ́tlándì bá Ọlọ́run dá nípa ìsìn wọn, ó sì gbé idà nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yí padà, tí ó lọ gbé idà fún ọba. Ó ṣẹ́gun, ó tún ṣẹ́gun, títí ogun fi dà rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ó ń sá kiri lórí òkè, wọ́n ní ebi pa á débi pé ó jẹ ìbọ̀wọ́ awọ rẹ̀. Ó wọ ilé ẹnì kan láti sá pamọ́. Wọ́n ní onílé yìí gan-an ni ó fà á lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ní Edinburgh ni wọ́n ti yẹgi fún un.

Oyèbánjí fi tàdáwà pupa kọ ọ́ sí etí ìwé rẹ̀ pé: “Ẹni tí ó fún ọ ní ibùsùn ni kí o máa ṣọ́.” Bí ó ti kọ ọ́ tán ni ó gbójú sókè, ó sì wo ìyàwó rẹ̀.

Ohun kan wà tí Moṣọpẹ́ kò mọ̀. Ní ọjọ́ tí Oyèbánjí ń bọ̀ wá sí ìlú òyìnbó, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò bàbá rẹ̀ fún un ní òǹdè kékeré kan, ó ní kí ó rán an sínú ìgbànú rẹ̀. “Bí ọ̀dàlẹ̀ bá ti sún mọ́ ọ,” ni bàbá náà wí, “yóò gbóná mọ́ ọ lára.” Bẹ́ẹ̀ ni Oyèbánjí sì ti búra níwájú pẹpẹ ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní wọ ilé àwọn láéláé. Moṣọpẹ́ ni ó bẹ̀ ẹ́ kí ó búra, nítorí pé ilé tí oògùn ti tú ká ni a ti bí i.

Ìgbànú náà a sì máa gbóná. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí Moṣọpẹ́ bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò tan hítà, yóò bọ́ ẹ̀wù òtútù, yóò wá jókòó ti ọkọ rẹ̀ lórí àga gígùn. Kò ní pẹ́ rárá tí ìbàdí Oyèbánjí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Ọkùnrin náà yóò máa fi igun ojú wò ó.

Nígbà tí ó yá, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìjọ Aládùúrà kan tí ń ṣe ìsìn nínú ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan ní Barking. Ó ń gbààwẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí fóònù.

“Ta ni ò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Àwọn ẹgbẹ́ àdúrà wa ni, Bàbá Wúrà. Ẹ ò kúkú bá mi lọ lọ́jọ́ kan.”

“Kí n lọ bọ́ bàtà sílẹ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Èmi?”

“Bàtà ni wọ́n ní kí ẹ bọ́. Wọn ò ní kí ẹ bọ́ orí yín sílẹ̀.”

Kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí Moṣọpẹ́ wà níbi iṣẹ́, Oyèbánjí tú ẹrù rẹ̀ wò. Ní abẹ́ ibùsùn, ní apá ibi tí obìnrin náà ń sùn sí, ó bá ife omi kan tí a fi àwo dé. Bébà funfun kan wà lábẹ́ ife náà. Ó fà á yọ. Orúkọ òun ni ó rí níbẹ̀, Oyèbánjí, ní ẹ̀ẹ̀méje, tí a kọ ọ́ tẹ̀lé ara wọn.

Ó dá gbogbo rẹ̀ padà bí ó ti bá a. Lẹ́yìn náà ni ó gba ohùn ara rẹ̀ sínú fóònù: “Ẹ̀yin àgbà ilé wa, àti ẹ̀yin àna mi, ẹ gbọ́ o. Moṣọpẹ́ ń wá ẹ̀mí mi. Mo ti rí i fojú ara mi. Láti òní lọ, kì í ṣe ìyàwó mi mọ́.” Ẹbí méjèèjì, ènìyàn mẹ́tàlélógójì, ni ọ̀rọ̀ náà yóò dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìka kan péré ni ó kù kí ó fi tẹ̀ ẹ́. Ẹyin sì ni ọ̀rọ̀: bí ó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

Kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọ náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó yára fẹsẹ̀ rìn, títí òógùn fi bò ó, láti Upney dé pápá Parsloes ní Dagenham, níbi tí ó ti ní kí Bàbá Akíndúró dúró de òun. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá yìí, ará Èkìtì, alàgbà nínú ìjọ tí Moṣọpẹ́ ń lọ. Ní ilé ìkàwé ni òun àti Oyèbánjí ti di ọ̀rẹ́.

Oyèbánjí jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn inú fóònù náà, ó sì ń ṣọ́ ojú rẹ̀ bí ọlọ́pàá.

“Omi, bébà, àti orúkọ ẹ̀ẹ̀méje,” ni Bàbá Akíndúró wí. “Ìwọ Tíṣà yìí! Bí àwa ṣe máa ń gbàdúrà fún ẹni tí a bá fẹ́ràn nìyẹn. Nígbà tí mo ń mutí, oṣù mẹ́jọ ni orúkọ tèmi fi wà lábẹ́ ife ìyàwó mi. Bí obìnrin yẹn bá fẹ́ pa ọ́, ṣé ebi ni yóò máa fi pa ara rẹ̀?”

“Ẹ ò lè ṣe kí ẹ má gbè é, ìjọ kan náà lẹ jọ ń lọ. Mo ní ẹ̀rí, Bàbá.” Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀: òǹdè, ìgbànú, ìbúra tí ó ṣe níwájú pẹpẹ, àti ooru tí ó máa ń yọ bí Moṣọpẹ́ bá ti jókòó ti òun.

Bàbá náà kò bú u. Ó ní, “Ó gbóná báyìí?”

Oyèbánjí fọwọ́ kan ìbàdí. “Ó gbóná.”

“Nígbà náà èmi ni ọ̀dàlẹ̀.” Bàbá Akíndúró dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó rọra rìn lọ sí ìdí igi kan lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì yíjú padà. Kò sí ẹlòmíràn nítòsí. “Tíṣà! Ó ṣì gbóná?”

Oyèbánjí tún fọwọ́ kàn án. “Ó ṣì gbóná,” ni ó wí wẹ́lẹ́.

Bàbá náà padà wá. “Ìwọ ni ò ń fi ẹ̀rí kọ́ àwọn ọmọ. Yálà irọ́ ni nǹkan yìí ń pa, tàbí ẹni tí ó kù lórí bẹ́ǹṣì nìkan ni ọ̀dàlẹ̀ náà. Èwo ni ká mú níbẹ̀?”

Oyèbánjí wo ìgbànú rẹ̀.

“Ìjòyè tí o máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún mi ní ilé ìkàwé. Onílé tí ó tà á ni ò ń wò ṣáá. Ṣáájú onílé yẹn, ta ni ó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ májẹ̀mú, tí ó sì yẹsẹ̀?”

“Òun fúnra rẹ̀ ni.”

“Ìwọ ńkọ́? Kí ni o sọ níwájú pẹpẹ? Kí ni ó sì wà ní ìbàdí rẹ láti ọdún mẹ́ta yìí? Ẹni tí ó bá ń fi nǹkan pamọ́, gbogbo ènìyàn ni yóò máa rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́ fún òun. Ọmọ mi, kì í ṣe ìyàwó rẹ ni ó ń bà ọ́ lẹ́rù. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni. Jésù mọ ohun tí ó wà nínú ìgbànú yẹn láti ọjọ́ tí o ti rán an, síbẹ̀ Ó kú fún ọ.”

Ọkùnrin tí kì í kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn wá fi orúnkún kúnlẹ̀ nínú koríko tútù, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ayé. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. “Olúwa Jésù, èmi ni. Èmi ni ọ̀dàlẹ̀ náà. Ṣàánú fún mi, kí O sì gbà mí.”

Nígbà tí ó dìde, ó bọ́ ìgbànú náà, ó fi í lé bàbá lọ́wọ́.

“Di ṣòkòtò rẹ mú o,” ni Bàbá Akíndúró wí. “Jésù ń gba ẹlẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ọlọ́pàá Dagenham yóò sọ.”

Báyìí ni Tíṣà ṣe fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú dé Upney, tí ẹ̀rín àti omijé sì jọ ń jáde lójú rẹ̀. Ó bá Moṣọpẹ́ nílé. Lójú rẹ̀ ni ó ti pa ohùn inú fóònù náà rẹ́, lẹ́yìn tí ó ti jẹ́ kí ó gbọ́ ọ. Kò fi nǹkan kan pamọ́ fún un mọ́.

Moṣọpẹ́ kò sáré dárí jì í. Ó jókòó. “Ọdún mẹ́ta, Bàbá Wúrà. Ọdún mẹ́ta tí mo ń tọ́ oúnjẹ wò fún yín nínú ilé mi.”

Bí wọ́n ti jọ jókòó sórí àga gígùn náà, ìbàdí Oyèbánjí tún bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ìgbànú níbẹ̀. Ó yíjú padà. Hítà ni ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti wà láti ọjọ́ yìí wá.

Obìnrin náà dìde, ó wọ yàrá, ó sì gbé ife omi náà jáde. “Omi tí mo fi gbàdúrà fún yín rèé.” Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó gbé e lọ sí ẹnu ara rẹ̀ kí ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Oyèbánjí gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kan ètè rẹ̀. Ó mu ún dé ìsàlẹ̀.

Ní ọ̀la rẹ̀, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù àtijọ́ náà, ó sì wọlé.

Ìwọ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, bóyá nínú ọkọ̀ ojú irin ni o ti ń kà á, tí o sì ti wo àwọn tí ó jókòó tì ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: ta ni ò ń fura sí? Kí ni ìwọ alára sì dì mọ́ ìbàdí rẹ, tí ẹni tí ó sún mọ́ ọ jù lọ kò mọ̀? Rìn jìnnà sí gbogbo ọ̀tá tí o rò pé o ní. Dá dúró lábẹ́ igi. Bí ooru náà kò bá lọ, ìwọ ni Jésù ń bá wí.

Kò wá láti fà ọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òun ni a fà lé ọ̀tá lọ́wọ́ nítorí rẹ. Má ṣe sọ pé ó di ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ìka kan péré ni ó kù kí Oyèbánjí ba ayé ara rẹ̀ jẹ́. Níbi tí o wà yìí gan-an, kí o tó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí ó kàn, sọ fún Un pé, “Olúwa, èmi ni.” Tú ìgbànú náà lónìí.