Láínì Tí Táyé Fi Pẹtiróòlù Fọ̀

"Ta ló ní kí o dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí pa?" Ọ̀gá Ebenezer ju sípánà sílẹ̀. "Bí ọkọ̀ bá ń fà sápá kan, mo ní kí o pè mí wá wò ó!"

Táyé lé ètè jáde. Ọdún mẹ́rin ló ti fi kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mákùn. Ọ̀túnla ni òmìnira rẹ̀. Ó sì ti tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà: ọ́ìlì ti jò bo láínì, ìyẹn awọ líle inú bíréèkì tó ń há táyà mọ́lẹ̀. Èkó ni wọ́n ti ń ra tuntun. Òmìnira á sún síwájú nìyẹn! Inú bí i, ó fi pẹtiróòlù fọ láínì náà, ó fi sáńpépà ha á, ó dé e pa.

"Eruku lásán ni, sà."

"Ó dáa. O mọ òfin ibí: ẹni tó tún bíréèkì ṣe ló ń jókòó níwájú tí a bá ń dán an wò. Wọlé!"

Lẹ́ẹ̀kíní tí Ọ̀gá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró digbí. Lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró. Táyé ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò mọ̀ pé bí láínì ṣe ń gbóná ni ọ́ìlì tó ti mu yó tún ń sun jáde. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọjà, Ọ̀gá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ yà bàrá sọ́tùn-ún bí ewúrẹ́ tó já okùn, ó kọlu apẹ̀rẹ̀ obì Ìyá Ràbíátù tó ń tajà létí ọ̀nà, gbàgà! Obì fọ́n ká. Ìyá arúgbó náà ṣubú, ẹ̀jẹ̀ bo orúnkún rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá!"

"Má pẹ̀lẹ́ mi, Ebenezer! O ò lè yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó gbé e wọ ọjà? Ta ló tún un ṣe?"

Táyé lè dákẹ́. Ọ̀gá ló kúkú wa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ yẹn ń wò ó lójú.

"Èmi ni, màámi. Mo rí ọ́ìlì níbẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo parọ́, torí òmìnira mi."

"O rí i?" Obìnrin náà fi ìbínú pariwo. "Ká ní ọmọ-ọmọ mi ló jókòó síbí ńkọ́, aláìlójútì?"

Táyé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa obì jọ.

"Ọdún kan sí i," ni Ọ̀gá wí. "Lọ sọ fún ìyá rẹ fúnra rẹ. Kí o sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Ti Táyé ò tilẹ̀ dé ibùsọ̀ kan. Ìwọ tí o ń kàwé yìí, fetí sílẹ̀: iṣẹ́ tí o bá gé kúrú, ara ẹni tí kò bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ lo gé.