Ìwé tí Khairiyyah Kò Tọ́ Wò

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ìwé kan tó dá lórí bọ́ọ̀lù. Ìjókòó yìí ti sú mi."

Ashraf ló ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Khairiyyah, bẹ́ẹ̀. Ashraf tí kì í fọwọ́ kan ìwé bí wọn ò bá lé e mọ́ ọn! Ẹsẹ̀ ló kán níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ti tú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi dì í, dókítà sì ní kó máa fi ọ̀pá rìn láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí ẹsẹ̀ náà lè padà lágbára.

Inú Khairiyyah dùn dé ẹ̀yìn. Òun ló ń bójú tó ilé ìkàwé ní iléèwé wọn. Ó fa ìwé kan yọ tí àwòrán agbábọ́ọ̀lù wà lára èèpo rẹ̀, ó ka ojú ìwé àkọ́kọ́, ó gbé e wálé.

"Ṣé ẹ ti kà á tán?" Ashraf bi í.

Ó yẹ kó ní rárá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ pé ọ̀gá ilé ìkàwé kì í kàwé tán? "Tán pátápátá! Ó dùn ju mọ́ínmọ́ín lọ."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ashraf ti ọ̀pá rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n pè é títí kó wá rìn, kò dìde.

"Dáfídì inú ìwé yẹn, ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà kán," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé. Ibẹ̀ ni mo ti ju ìwé náà sílẹ̀. Kí ni mo wá ń rìn kiri fún?" Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Àánú rẹ̀ ṣe Khairiyyah, àfi bíi kó sunkún. Kò kúkú mọ ohun tó kù nínú ìwé náà tí yóò fi tù ú nínú. Ó sá lọ bá ìyá wọn àgbà, Àlájà Àṣàbí, tó ń se ọbẹ̀ ìṣínu lọ́wọ́, ó sì jẹ́wọ́ fún un.

Àlájà fi ahọ́n kan ọbẹ̀, ó tu ú dànù. "Ṣó o rí mi? Ààwẹ̀ ni mo gbà yìí, síbẹ̀ mò ń tọ́ ọbẹ̀ wò, kí iyọ̀ má bàa pọ̀ jù fún yín. Ìwọ wá ń bu ohun tí o ò tọ́ wò fún ọmọ ìyá ẹ. Ta ló ní kí o máa gba ààwẹ̀ ìwé?"

Ẹ̀rín pa Khairiyyah, ojú sì tì í. Ó wọlé, ó ka ìwé náà dé òpin. Nígbà tí wọ́n ṣínu tán, ó lọ jókòó ti Ashraf.

"Àbúrò mi, má bínú, irọ́ ni mo pa fún ẹ. Mi ò tíì kà á nígbà yẹn. Mo ti kà á báyìí. Òótọ́ ni, Dáfídì ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́."

"Ẹ ò rí nǹkan!"

"Ṣùgbọ́n o ò dé ibi tí ìyá rẹ̀ ti bi dókítà pé kí ló fà á. Dókítà ní ẹsẹ̀ náà ì bá ti san. Dáfídì ló gbé ọ̀pá rẹ̀ pamọ́, tó ní òun ò rìn."

Ashraf gba ìwé náà, ó ka ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ fẹ́ẹ̀ ba tèmi jẹ́ o!" ó ní, ẹ̀rín sì ń yọ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ bá mi fa ọ̀pá mi yọ."

Wọ́n jọ rìn yí àgbàlá po, Khairiyyah dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, Àlájà sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí Khairiyyah yan ìwé eré ìdárayá fún òun, á ní, "Ní sùúrù, mi ò tíì kà á tán." Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun tí ẹ ò bá tíì tọ́ wò, ẹ má bù ú fún ẹni tí ẹ fẹ́ràn.