Ìlà Ìdajì Owó

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá purọ́, kí etí mi méjèèjì já. Ó dáa, ẹ má tíì wo etí mi. Ẹ jẹ́ ká ní ó ku díẹ̀ kó jẹ́ òótọ́ tán.

Ní ibùdókọ̀ tí ojú irin parí sí ládùúgbò wa, ìlà pupa kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí orí rẹ̀ kò bá kọjá ìlà yẹn, ìdajì owó ọkọ̀ ló ń san. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, èmi, ìyá mi àti àbúrò mi débẹ̀, òórùn ọ̀dà tutù gbà wá nímú. Ìlà náà ti sọ̀ kalẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fẹ̀yìn ti ògiri bí ìṣe rẹ̀. Orí rẹ̀ yọ. Ọkọ̀ yìí ló ń gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọ́. Dókítà ti kìlọ̀ pé bí a bá dá a dúró lágbedeméjì, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe gan pa.

"Ọmọ yín ti ga, ìyá," ni ọ̀gá ibùdókọ̀ wí. Kòsíṣéńjì là ń pè é lẹ́yìn, torí owó tó bá wọ ọwọ́ rẹ̀ kì í padà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, láàárín ọjọ́ mélòó ló ga?" ni ìyá mi béèrè.

"Ọmọdé a máa yára dàgbà." Ó rẹ́rìn-ín.

Owó ọwọ́ ìyá mi kò tó. A padà sílé. Inú bí mi débi pé eyín ń ro mí.

Mo ti pa ilé ìwé tì, ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ ìjàǹgbọ̀n, mo gboyè. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, nígbà tí ibùdókọ̀ dá, mo pa ìlà ìsàlẹ̀ rẹ́, mo gun àga, mo fa òmíràn sókè réré. Nígbà tó di àárọ̀, gbogbo àgbàlagbà ló ń fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ gba ìdajì o! Ọmọdé ni mí!"

"Èmi náà," ni ìyá arúgbó kan wí, "ẹ wo ẹnu mi, eyín kò tíì hù."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Kòsíṣéńjì gbé búrọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀, ó fa ìlà sísàlẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ kejì, ìlà náà tún ti gòkè. Bàbá tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pè mí sójú fèrèsé, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìwọ lo fà á?"

"Ti ìjẹta nìkan ni tèmi, Bàbá."

Ó mí kanlẹ̀. "Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an ló padà sí. Àwọn tó gbé irin yìí sílẹ̀, wọn ò gba owó tó pé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ọmọ wọn máa san ìdajì. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi fa ìlà yẹn, kí òkè tí wọ́n ń gbẹ́ tó ya lù wọ́n. Bàbá mi ní kí ẹnikẹ́ni má sún un."

Mo fọwọ́ kan ògiri. Oòrùn ń ràn sí i, síbẹ̀ ó tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Kò sí ipa búrọ́ọ̀ṣì lára ọ̀dà náà. Ipa ìka ni, ìka ọ̀pọ̀ èèyàn.

Kòsíṣéńjì jáde, ó ń họ orí. "Ìranù! Àyà mi ni ìlà yìí mọ. Ẹ wò ó!"

Ó fẹ̀yìn tì í. Èjìká rẹ̀ ni ìlà wà. Ó kúrò, ó tún padà dúró. Etí. A gbọ́ ìró kan, bí ẹni ń fi àtẹ́lẹwọ́ tutù nu ògiri. Bàbá fi ìka tẹ ìlà náà mọ́lẹ̀ kó má baà sún, kò sì sún. Ṣòkòtò Kòsíṣéńjì ti ká jọ sórí bàtà rẹ̀. Nígbà tó dúró lẹ́ẹ̀kẹta, a kò rí irun orí rẹ̀ lókè ìlà mọ́.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Bàbá ti tíkẹ́ẹ̀tì kan jáde lábẹ́ fèrèsé.

"Ìdajì owó," ó wí pẹ̀lẹ́, "ọmọ mi."

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó Kòsíṣéńjì ló wá kó ẹrù ọkọ rẹ̀. Ó pọn nǹkan kan, ó fi aṣọ bò ó lórí. Àbúrò mi wọkọ̀ ní ìdajì owó lọ sílé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti nà báyìí, ó ń sáré jù mí lọ.

Ó dáa. Mo parọ́ níbì kan, kì í sì í ṣe lórí Kòsíṣéńjì, kì í ṣe lórí ohun tí ìyàwó rẹ̀ pọ̀n. Mo ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ. Irọ́ ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìlà yẹn fi wà nísàlẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mo ń pe àbúrò mi ní Àgùnfọn. Ìgbà tí mo máa fi gbé ọ̀dà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gan. Títí di òní ló ń tiro.

Inú ń bí mi sí Kòsíṣéńjì. Ó ń bí mi sí ara mi. Ó sì ń bí mi sí àwọn òkú yẹn náà: bí wọ́n bá lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń fa ìlà, kí ni wọ́n ń fi ṣe fún oṣù mẹ́ta?