Ìpè Tí Ó Ń Dún Lẹ́bàá Ọwọ́ Rẹ̀

Ìwọ ọ̀rẹ́ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jókòó díẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ, ọkùnrin tí kì í mutí, tí kì í jalè, tí kò sì na aya rẹ̀ rí. Bí o bá ń retí ìtàn ọ̀mùtí, eléyìí yóò yà ọ́ lẹ́nu, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin yìí kò ní ariwo nínú rárá. Dídákẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ títún òṣùwọ̀n ṣe ni ó ń ṣe. Gbogbo ìsọ̀ tí wọ́n ti ń wọn ẹran, tàbí ìṣó, tàbí oògùn, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè bí òṣùwọ̀n wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́. Yóò tú u, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín gbá ekuru inú rẹ̀, yóò gbé irin ìdíwọ̀n lé e, yóò sì di èémí rẹ̀ mú títí ọwọ́ òṣùwọ̀n náà yóò fi dúró jẹ́ẹ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ọ̀gá Òṣùwọ̀n. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn, nítorí ó gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé kò sí ẹni tí ó tọ́ tó òun.

Ṣùgbọ́n bí ó ti ń wọn irin ni ó ń wọn ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ̀ ẹ́, kì í jà, kì í bú ènìyàn. Yóò kàn pa ẹnu rẹ̀ dé ni. Ó yan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lódì, ó yan àbúrò rẹ̀ lódì. Káfíńtà tí ìsọ̀ wọn fara ti ara, ó yan òun náà lódì, nítorí pé káfíńtà yìí, tí í ṣe onígbàgbọ́, sọ fún un ní ọjọ́ kan pé Jésù ń fẹ́ ẹ. Bí ó bá sì ti yan ènìyàn lódì, ẹni náà ni ó gbọ́dọ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Òun kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀. Nígbà kan rí, aya rẹ̀, tí ó jẹ́ aránṣọ, lóyún lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti retí títí. Ọkùnrin náà ń gbàdúrà nígbà náà. Bí orin obìnrin olórin kan tí wọ́n fẹ́ràn bá jáde nínú rédíò, ọkọ a gbé etí lé ikùn aya, a ní, "Ó ń jó! Ìyá Ọmọ, èyí ń jó!" Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Ọmọ. Wọ́n bí ọmọ náà, obìnrin ni, ṣùgbọ́n kò pẹ́ láyé.

Ní ọjọ́ tí wọ́n sin ín, ọkùnrin náà padà sílé, ó gbé Bíbélì rẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì yan Ọlọ́run lódì. Kò pe aya rẹ̀ ní Ìyá Ọmọ mọ́. Kò tilẹ̀ pè é ní ohunkóhun mọ́. "Gbọ́," ni yóò wí, bí ó bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé wọn wá dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ aago pálọ̀ láti ilé ìdáná. Obìnrin náà a máa rán aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè, kí ó ṣáà lè gbọ́ ìró ẹ̀rọ.

Ó pẹ́ lẹ́yìn èyí kí ìkéde tó jáde pé olórin náà, tí ó ti di àgbà, yóò wá kọrin ní ojúkorojú ní ìlú kan tí ó jìnnà, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ni aya rẹ̀ wí. "Ká sùn síbẹ̀, ká padà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìgbà wo la ti jọ jáde kẹ́yìn?"

"Ta ni yóò máa ṣọ́ ìsọ̀?"

"Òṣùwọ̀n ò lẹ́sẹ̀. A ó bá a níbẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà láì rò tẹ́lẹ̀. Ó gbà.

Wọ́n gbéra ní òwúrọ̀. Obìnrin náà jókòó níwájú pẹ̀lú irun tuntun lórí, ó fi fóònù rẹ̀ sẹ́nu wáyà níwájú ọkọ̀ kí ó lè gba iná. Ohun gbogbo ni ó ń pa á lẹ́rìn-ín: àgùntàn kan tí ó dúró láàárín títì bí onílé, ọkùnrin tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ tí ó sì gbé kẹ̀kẹ́ mìíràn lé èjìká. Nígbà tí ó ṣe, orin olórin náà jáde nínú rédíò. Obìnrin náà dákẹ́, ó wẹ̀yìn wo àga tí ó ṣófo, ó sì rọra wí pé:

"Ká ní ó wà ni, òun ni ì bá jókòó sẹ́yìn yẹn. Ì bá ti máa yọ wá lẹ́nu pé, 'Ṣé a ò tíì dé ni?'"

Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́, ó pa rédíò.

"Kí ni mo sọ?" ni obìnrin náà bi í. "Ẹ dá mi lóhùn. Ọmọ wa ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀tá wa."

Ẹnu ti pa dé.

"Ó dáa. Ẹ dúró kí n bọ́ sẹ́yìn. Bí ẹ ò bá ní bá mi sọ̀rọ̀, kí n kúkú sùn."

Ó dúró fún un. Obìnrin náà bọ́ sẹ́yìn, ó gbé orí lé ìrọ̀rí tí wọ́n mú dání, ó fi ìbora bo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó sì sunkún títí oorun fi gbé e lọ.

Lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta, ọkùnrin náà yà sí ilé epo kan, ó ra epo, ó sì wọ inú ilé lọ láti sanwó. Nígbà náà ni aya rẹ̀ jí, ó sì sáré lọ tọ̀ lẹ́yìn ilé. Ọkùnrin náà padà dé, ó wọ ọkọ̀. Bí ó bá yí orí lẹ́ẹ̀kan péré, ì bá rí i pé ìbora àti ìrọ̀rí nìkan ni ó ga sókè lórí àga. Ṣùgbọ́n lójú rẹ̀, láti wẹ̀yìn wò dà bí kí ó túúbá. Ó tan ọkọ̀, ó sì lọ.

Wàyí o, ọ̀rẹ́ mi, fetí sílẹ̀ dáadáa. Kò pẹ́ tí fóònù obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún, lẹ́bàá ọwọ́ ọkùnrin náà gan-an. Ó dún, ó dún, ó dákẹ́. Ó tún dún. Ọkùnrin náà wí nínú ara rẹ̀ pé, "Fóònù rẹ̀ ni. Kí ó jí kí ó gbé e." Láti wí pé, "Fóònù rẹ ń dún," kò le, ṣùgbọ́n yóò túmọ̀ sí pé òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ariwo náà sú u, ó pa ohùn fóònù náà láì tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ń tàn tí ó ń kú, tí ó tún ń tàn.

Báyìí ni ó ṣe wakọ̀ títí tí oòrùn fi rọ̀, tí kò mọ̀ pé òun nìkan ni òun wà. Bí ọkọ̀ náà ti dákẹ́ nígbà tí aya rẹ̀ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó dákẹ́ nígbà tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ó dé iwájú gbọ̀ngàn tí olórin náà yóò ti kọrin, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fa ìbora. Ìrọ̀rí ni ó yọjú sí i.

Àyà rẹ̀ já. Ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ̀ yára ju ìbẹ̀rù rẹ̀ lọ. "Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni," ni ó wí. "Ó fẹ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n. Yóò wọkọ̀ wá bá mi." Ó mú ìwé ìwọlé, ó wọlé, ó sì jókòó.

Ọkùnrin kan na ọ̀rùn láti ẹ̀yìn. "Bọ̀dá, ṣé ẹnìkan ń bọ̀ lórí àga yìí?"

"Ìyàwó mi ni."

"Wọ́n ti lọ ra omi?"

Ọkùnrin náà kọjú síwájú.

Olórin náà jáde pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ àti irun funfun lórí. Ohùn rẹ̀ ti ha díẹ̀, síbẹ̀ adùn rẹ̀ kò lọ. Nígbà tí ó dé orí orin tí tọkọtaya wọ̀nyí fẹ́ràn, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, èyí kò ṣeé dá kọ. Ẹ kọjú sí ẹni tí ẹ bá wá, kí ẹ kọ ọ́ sí i létí."

Gbogbo gbọ̀ngàn yí padà, olúkúlùkù sí ẹni tirẹ̀. Ọkùnrin náà yí padà pẹ̀lú wọn. Àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ká ara rẹ̀ sókè, nítorí kò sí ẹni tí ó jókòó lé e. Ó ń wo àga, gbogbo ayé sì ń kọrin lọ lórí rẹ̀. Kò sí ẹnìkan nínú ogunlọ́gọ̀ náà tí ó mọ̀ bóyá ó wà tàbí kò sí. Òtútù mú un. Ó dìde, ó ń fi orúnkún ta ènìyàn lọ, ó sì jáde.

Àwọn ọkọ̀ òfìfo nìkan ni ó wà níta. Ó jókòó nínú tirẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò pè. Orúkọ pọ̀ nínú fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Níkẹyìn, ó pe káfíńtà.

"Ọ̀gá Òṣùwọ̀n? Ṣé ẹ̀yin ni, àbí fóònù yín ló ṣèèṣì tẹ ara rẹ̀ nínú àpò?"

"Èmi ni."

"Olúwa ṣeun! Láti ìgbà òjò èṣí ni mo ti ń kí ògiri yín láràárọ̀. Kí ló dé?"

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀.

"Fóònù wọn ńkọ́?"

"Ó wà níbí. Ó dún títí lójú ọ̀nà."

"Ta ló ń pè?"

"Mi ò wò ó."

"Ọ̀gá, ẹ wò ó nísinsìnyí."

Ó wò ó. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni, tí kò mọ̀ rí; ó ti pè, ó ti tún pè, títí ó fi kún ojú fóònù náà. Nígbà náà ni ó rántí pé nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ yìí nìkan ni aya rẹ̀ mọ̀ sórí. Obìnrin náà ti yá fóònù ẹlòmíràn, ó sì ń pe fóònù ara rẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ lè gbé e.

"Èmi ni aya mi ń pè," ni ó wí, "mo sì pa ohùn rẹ̀." Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé.

"Ọ̀gá," ni káfíńtà wí, "ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ lè tún yàn mí lódì lẹ́yìn rẹ̀, ó ti mọ́ mi lára. Ẹnìkan wà tí ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti lọ. Ẹ yàn án lódì, òun kò yàn yín lódì. Ó ń pè yín ṣáá, ẹ̀yin ń pa ohùn rẹ̀."

"Ó jẹ́ kí ọmọ mi kú."

"Mi ò mọ ìdí tí ọmọ náà kò fi dúró; irọ́ ni mo máa pa bí mo bá ní mo mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ọlọ́run náà wo ikú Ọmọ tirẹ̀ lórí àgbélébùú, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ èmi àti ẹ̀yin. Ẹ ò lè sọ fún un pé kò mọ bó ṣe ń dunni."

"Mo ti rò pé mo tọ́."

"Òṣùwọ̀n wo lẹ fi wọn ara yín?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọkùnrin náà lákínyẹmí ara. Ó ti wọn gbogbo ènìyàn. Kò gun orí òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ rí. Ó gbé orí lé apá rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, ó sì wí pé: "Olúwa, èmi ni. Ó pẹ́ tí mo ti yàn ọ́ lódì. Mo ṣẹ̀ ọ́, mo sì ṣẹ aya mi. Èmi gan-an ni mo fúyẹ́. Nítorí Jésù tí ó kú fún mi, dárí jì mí, kí o sì gbà mí."

Àrá kò sán, ilẹ̀ kò sì mì. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kì í ṣe ògiri ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Ó gbé orí sókè, ó sì tẹ nọ́ńbà náà.

Obìnrin tí ó ń ta epo ni ó gbé e. "Àáà! Ẹ̀yin lẹ gbàgbé ìyàwó bí ẹni gbàgbé agboòrùn! Wọ́n wà níbí. Wọ́n ti bá mi rán gbogbo bọ́tìnì tó já lára aṣọ iṣẹ́ mi. Ẹ gbà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

Ó gbọ́ bí aya rẹ̀ ti ń mí. Kò sọ̀rọ̀, sísọ̀rọ̀ ti sú òun náà.

"Ìyá Ọmọ," ni ọkùnrin náà wí.

Mímí náà dúró.

"Ìyá Ọmọ, mo ṣẹ̀ ọ́. Mò ń bọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀," ni obìnrin náà wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé orin ti parí?"

"Mi ò mọ̀. Mo jáde."

Nígbà tí ó padà dé ilé epo náà ní òru, obìnrin náà jókòó sórí àga oníke kan, ó ká ọwọ́ lé itan. Kò sáré pàdé rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ó ṣí, ó sì wọlé. "Inú mi ò tíì rọ̀ o," ni ó wí. "Ẹ má rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n ẹ máa sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́."

Ọkùnrin náà sì ń sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa ọmọ náà, nípa bí ìka ọwọ́ rẹ̀ ti kéré, nípa àdúrà tí òun ti pa tì àti èyí tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ilé, ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn wá, ó bà lé èjìká rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ńkọ́? Bóyá ìwọ náà ní ohun kan tí ó dùn ọ́, tí o fi pa ẹnu dé sí Ọlọ́run. Ilé rẹ dákẹ́, ọkàn rẹ dákẹ́, o sì rò pé Ọlọ́run ni ó dákẹ́. Kò dákẹ́ rí. Ìwọ ni o pa ohùn rẹ̀. Nínú ikú Jésù ni ó ti ń pè ọ́, nínú omijé rẹ ni ó ti ń pè ọ́, nínú ìwé kékeré tí o mú dání yìí ni ó ti ń pè ọ́ lọ́wọ́ yìí.

Má dúró di ìgbà tí o bá yí ara rẹ padà kí o tó dá a lóhùn. Òun ni yóò yí ọ padà. Má sì sọ pé ó di ọ̀la, nítorí ọ̀la kò sí ní ìkáwọ́ rẹ. Sọ fún un pé, "Èmi ni. Mo ti ṣẹ̀ ọ́. Gbà mí nítorí Jésù." Fi ìwé yìí sílẹ̀ ná. Ìpè náà ń dún lẹ́bàá ọwọ́ rẹ. Gbé e.