Àga Akàwé

Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìwé náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí nígbà náà, n kò sì mọ lẹ́tà kan yàtọ̀ sí èkejì. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ojú mi ló ṣe, orí mi sì pé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kò sí ìjà. Kí ó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ilé iṣẹ́ bàtà ni mo wà, àwa mẹ́sàn-án. Ọwọ́ la fi ń rán bàtà níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ. Yàrá gígùn kan ni, fèrèsé mẹ́rin, tábìlì kan láàárín. Òórùn awọ, òórùn ìda, òórùn góòmù. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kò ní ariwo, ó sì máa ń mú ènìyàn tòògbé. Nítorí náà a gba ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, pé kí ó máa kàwé sí wa létí láti aago méjì sí aago mẹ́rin. Akàwé la ń pè é. Àga gíga kan wà fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òfin kan ṣoṣo la ṣe: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ìṣó nígbà tí ìwé bá ń lọ.

Àbúrò mi wà lára wa. Ìyá kan, bàbá kan. Ọwọ́-Sẹ́dà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí ó bá rán bàtà tán, o kò ní rí ojú okùn. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó. Nígbà tí bàbá wa ń kú lọ, ó fi ọwọ́ àbúrò mi lé mi lọ́wọ́. Èmi àti àbúrò mi sì ti fẹnu kò pé bí ọdún bá parí, a óò kúrò níbẹ̀, a óò ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwa.

Ọjọ́ tí a fẹ́ yan ìwé tuntun, èmi ní kí a ka èyí tó sọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ afárá.

“Afárá?” Baba Alábẹ ni, ẹni tó ń gé awọ. “Ṣé o fẹ́ gbà á lọ sọ́run ni?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìwé ìtàn àtijọ́ kan ni wọ́n mú, irú èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń yìn. Ọmọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe wọ ilé ọkùnrin kan láti wá gbé. Ọkùnrin náà kì í ṣiṣẹ́. Ilé rẹ̀ kún fún ìlẹ̀kùn. Lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, á ṣí ọ̀kan fún ọmọkùnrin yìí: ìgbádùn kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Onílé náà máa ń sọ pé, “Ìlẹ̀kùn tí o kò bá ṣí, ìwọ ni ó tì mọ́lé.”

Mo gbọ́ èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí i pé kò sẹ́ni tó ń rán bàtà mọ́. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ àbúrò mi. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí a jọ ń ṣiṣẹ́, n kò rí i kí abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Láti ọjọ́ kejì, bí aago méjì bá ti lù, mo ń gbé òòlù àti ìṣó mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ni mo ti ń kan gìgísẹ̀ bàtà. Wọ́n ní olóríkunkun ni mí. Òótọ́ ni. Bí ènìyàn bá fẹ́ ya olóríkunkun, kí ó yà á dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí mo fi rí ìyàtọ̀. Baba Alábẹ tí kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí láti ogún ọdún, ọ̀sán gangan ló wá ń wọlé, lọ́fínńdà á ti gba iwájú dé. Ẹni tó ń pa ìda sí okùn ta bẹ́ẹ̀dì tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn lé, ó fi ra dígí tó ga ju ènìyàn lọ. Àwọn mìíràn kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyàwó àbúrò mi wá bá mi nílé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀.”

“Kí ló ṣe?”

“Kò gbé ọmọ mọ́. Ó ní ẹkún rẹ̀ ń ba etí òun jẹ́.”

Mo pe àbúrò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Kí ló ń ṣe ọ́?”

“Kò sí nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n. Ara mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí.”

“Ọmọ rẹ ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù wa ńkọ́?”

“Ìṣó tí ẹ ń kàn yìí ti pọ̀ jù. Ẹ wọlé wá gbọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ ẹ̀rín ilé wa. Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ti ilé wa.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Akàwé wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé. Ètè rẹ̀ gbẹ.

“Ìwé yẹn ti parí,” ó ní.

“Láti ìgbà wo?”

“Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Mo ka òpin rẹ̀ fún wọn. Ọmọkùnrin náà kú sínú yàrá tó gbẹ̀yìn, ikú ẹ̀sín. Mo pa ìwé dé. Wọn ò dìde.”

“Kí lẹ wá ń kà láti ìgbà yẹn?”

“N ò ka nǹkan kan. Ẹnu ni mo kàn ń là. Lánàá, n ò tilẹ̀ là á.”

“Wọ́n sì jókòó?”

“Wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì.”

Ó gbé ìwé náà lé orí àpótí ìṣó mi. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà jáde. Kò padà wá mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, aago méjì lù. N kò jáde. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Oòrùn wà lórí àga náà. Kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Àwọn mẹ́jọ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n kọjú sí i. Yàrá náà dákẹ́. Mo ń gbọ́ omi tó ń kán sínú agbada tí a ń rẹ awọ sí. Tó. Tó. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, bí ìgbà tí ẹnì kan dá àpárá. Lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dákẹ́. Àbúrò mi nu ojú.

Tó. Tó.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin, bákan náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ìyàwó àbúrò mi sọ fún mi pé ọkọ òun ti sọ pé, “Bí mo bá kúrò níbi iṣẹ́ lónìí, n kò ní padà wálé mọ́.”

Mo rò ó. Ènìyàn kò lè máa tẹ́tí sí àga òfìfo bí ẹni tó mọ̀ bá jókòó lé e. Ojú yóò tì wọ́n. Bí aago méjì ti lù, mo gun àga náà, mo ṣí ìwé sórí itan. Bóyá orí rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, n kò mọ̀. Mo fi eyín di ètè mi mú. Mo ní n kò ní la ẹnu títí aago mẹ́rin. N kò sì là á.

Wọ́n ń gbọ́.

Wọ́n ń mi orí. Ẹni tó ta bẹ́ẹ̀dì dijú. Ẹ̀yìn mi wà lára ẹ̀yìn àga, igi rẹ̀ sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bí àyà ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ètè mi wà lẹ́nu mi. Mo tún fi eyín dì í mú sí i.

Aago mẹ́rin lù. Àbúrò mi dìde, omi lójú rẹ̀. Ó wá di ọwọ́ mi mú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. N ò mọ̀ pé ẹ mọ̀wé kà.”

“N ò la ẹnu.”

Baba Alábẹ rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ ọ! Ẹni tó kà á dùn tó báyìí, òun ló tún ń sẹ́!”

“Àbúrò, wò mí. Kí ni mo kà?”

Ó wò mí bí ẹni tí mo ń bá ṣeré.

“Ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣí ìlẹ̀kùn tó gbẹ̀yìn fún un. Tó ní kó máa lọ, òun ti tú u sílẹ̀.”

Ó gbọn awọ kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ó jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e. Òpópónà gbọọrọ ni, kò ní kọ́nà, ojúmọmọ ni. N kò rí i.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́ mi ní ìwé kíkà, lórí tábìlì tí a ti ń jẹun. Ọdún mẹ́ta ló gbà á. Mo ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹrin báyìí, láti páálí dé páálí. Ìwé rere ni. Ìkìlọ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òpin rẹ̀ sì rí bí Akàwé ṣe sọ ọ́. Ọmọkùnrin inú rẹ̀ kò ní ẹ̀gbọ́n. Kò ní àbúrò. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ẹ lè lọ wò ó.

Àwa mẹ́sàn-án la wà níbi iṣẹ́ náà. Ẹni mẹ́fà lọ láàárín oṣù kan. Ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹnì kan padà, kì í sì í sọ̀rọ̀. Márùn-ún kò padà. Àbúrò mi wà nínú márùn-ún náà.