Ìlà Kẹrin Orin Akínọlá

Mi ò ní fi ọmọ mi purọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Sùúrùlérè lọ́dún 1994 yìí ni mo kọ ọ́, mi ò fi iyọ̀ sí i.

Kíbọ́ọ̀dù ni Láyí ọkọ mi ń tẹ̀ sínú fíìmù. Wọ́n á gbé fíìmù tí kò tíì lórin wá, á máa wò ó, á máa tẹ̀. Orin òyìnbó, orin Íńdíà, kò sí èyí tí kì í mú. Á yí ìparí rẹ̀ padà díẹ̀, á ní òun lòun ṣe é. A ti jà lórí ẹ̀ títí ó fi sú mi.

Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ orin tèmi nínú fíìmù, níbi tí wọ́n ti ń sin ọmọ kan. Orin tí mo fi ń rẹ Akínọlá lẹ́kún ni, ọmọ wa, ọmọ oṣù mẹ́wàá. Èmi ni mo ṣe é. Ìlà mẹ́ta ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kíláàsì àgbà tí mo ti ń kọ́ mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà, tíṣà fi bírò pupa kọ "Ó dára" sí i. Mo bi Láyí pé ṣé tèmi náà ló kù. Ó ní ta ló ni orin ọmọ.

Fíìmù yẹn jáde tán, ìyá àgbà kan wá láti Mushin. Ó ní Ìyá Abọ́dúndé lòun, ta ló fún Láyí lórin òun? Mo gbé ìwé mi wá, mo ní ìlà mẹ́ta orin mi nìyí. Kò wò ó. Ó kọrin náà jẹ́jẹ́, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣe é, tí kò sí nínú fíìmù rárá. Orúkọ ọmọ nìkan ló yàtọ̀.

"Mẹ́ta lo ní? Mẹ́rin ni, ọmọ mi. Ọjọ́ tí ìlà kẹrin wá sí mi lẹ́nu, Abọ́dúndé sùn lọ́sàn-án. Kò jí."

Láyí rẹ́rìn-ín. Ó ní kí màmá kúkú kọ ìlà kẹrin yẹn fóun, pé àwọn tó ni fíìmù ń bèèrè apá kejì. Ìyá náà wò ó, ó dìde, ó lọ.

Mi ò kọrin náà mọ́. Ṣùgbọ́n fọkanáísà tó ń lẹ táyà níwájú ilé wa ń tẹ kásẹ́ẹ̀tì orin fíìmù náà látàárọ̀ dalẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó pa á. Ó ní orin ọkọ mi mà ni, ó tún yí i sókè.

Lónìí, agogo méjì ọ̀sán, wọ́n mú iná lọ. Fáànù dúró. Kásẹ́ẹ̀tì dúró. Àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Mo wá gbọ́ ohùn kan lórí ẹní.

Akínọlá ni. Imú ló fi ń kùn. Ìlà kìíní. Ìkejì. Ìkẹta. Ó mí. Ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Láyí ti yọrí láti pálọ̀.

"Gbọ́wọ́ kúrò. Jẹ́ kó parí ẹ̀."

"Bàbá Akin, ẹ jọ̀ọ́."

Ohùn imú kì í gba ẹnu jáde. Ó ń kùn lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi títí ó fi parí ìlà kẹrin. Akínọlá dijú. Ó sùn.

Agogo mẹ́rin ti kọjá. Mo jókòó tì í, mò ń wo àyà rẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mo pè é. Mo rin ín ní àtẹ́lẹsẹ̀, kò jí. Láyí ní kí n jẹ́ kọ́mọ sun oorun ẹ̀.

Ó ti ki bátìrì bọ kíbọ́ọ̀dù. Ìlà kẹrin ló ń tẹ̀ ní pálọ̀, léraléra. Kò yí nǹkan kan padà.